Ìdánrawò ní Ilé Ìwòsàn, àti Èrè Rẹ̀ fún Àwọn Ìyá Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ nípa aláìsàn tí kò sí ni: aláìsàn tí a fi ọwọ́ ara wa kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé, tí a gbé wọ ilé ìwòsàn ní òru, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì sáré tọ́jú bí ẹni pé ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe ní ọjọ́ tí aláìsàn tòótọ́ bá dé.

Ìdánrawò kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Àwọn akọrin ìjọ kò jẹ́ dìde kọrin ní ọjọ́ Àjíǹde láìjẹ́ pé wọ́n ti péjọ lálaalẹ́ ṣáájú. Olùkọ́ kò jẹ́ rán ọmọ lọ sí ìdánwò láìjẹ́ pé ó ti fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dán an wò. Àwọn tí ń gbé ìyàwó pàápàá a máa rìn wọ inú ilé ìsìn ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àwọn baba wa sì ti sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ó wá yani lẹ́nu pé nínú ilé ìwòsàn, níbi tí ó jẹ́ pé ẹ̀mí ni a ó pàdánù bí a bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá tí kò sí ẹni tí ó dán ìrìn náà wò.

Iṣẹ́ méjì ni àwa ń ṣe. Ní ọ̀sán, àwa ni akọ̀wé tí ń kọ orúkọ aláìsàn sórí káàdì ní ilé ìwòsàn kan tí ìjọ dá sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Ìsinmi, àwa ni katikíìsì ìjọ kékeré kan ní abúlé tí kò jìnnà síbẹ̀. Nítorí náà ìwé méjì ni ó wà ní ìkáwọ́ wa: ìwé àwọn tí a gbà wọlé, àti ìwé àwọn tí a sin. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé orúkọ obìnrin kan náà ti ọwọ́ wa wọ inú ìwé méjèèjì láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ní í pe ohun tí a fẹ́ sọ yìí ní eré.

Ní ọjọ́ kan, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wá bá wa ní ìdí tábìlì wa. Ìyá náà ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìdánrawò yìí ní ìlú ńlá, ó sì fẹ́ gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó ní, “Bàbá Ìjọ, mo wá bẹ̀ yín ní iṣẹ́ ìwé kíkọ. Ẹ bá wa kọ ìtàn aláìsàn kan.”

A dáhùn pé, “Màmá, àwa kì í ṣe oníṣègùn. Kí ni a mọ̀ tí a ó kọ?”

Ó ní, “Ohun tí àwa kò mọ̀ ni ẹ mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ń rí wọn kí àwa tó rí wọn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dé, ẹ mọ ohun tí ọkọ ń sọ, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Bí a bá fi ìyẹn sílẹ̀, ìtàn inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni a ó kọ, ìtàn inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í wọ ẹnu géètì wa.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbà.

Ẹ má ṣe rò pé àṣà tuntun ni èyí. Ní ọdún 1759, Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ti ilẹ̀ Faransé fi àṣẹ fún agbẹ̀bí kan tí a ń pè ní Madame du Coudray pé kí ó máa lọ láti ìlú dé ìlú, kí ó máa kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, nítorí pé àwọn ìyá àti ọmọ tuntun ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò mọ̀wé. Nítorí náà ìyá náà fi aṣọ rán àwòrán ìbàdí obìnrin, ó ki nǹkan rírọ̀ sínú rẹ̀, ó sì fi ọmọláńgidi sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ léraléra kí ó tó fi ọwọ́ kan aboyún. Ọ̀kan nínú àwọn ohun ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà títí di òní ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Rouen. Ní ọdún 1911, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Martha Chase, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọláńgidi ṣíṣe, ṣe ọmọláńgidi tí ó ga tó àgbàlagbà fún ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Hartford. Ní ọdún 1960, Asmund Laerdal, oníṣòwò ohun ìṣeré ọmọdé ní ìlú Stavanger ní Norway, gbé ọmọláńgidi jáde tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ èémí sí ẹnu ẹni tí èémí rẹ̀ ti dúró. Ní ọdún 1963, Dókítà Howard Barrows ní California bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le láti ṣe bí aláìsàn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó sì di nǹkan bí ọdún 1986, Dókítà David Gaba ní Stanford ṣe yàrá iṣẹ́ abẹ àfiṣe, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ń kọ́ bí a ti í ṣe iṣẹ́ pọ̀ nínú ewu, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ òfurufú ti í ṣe.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1999, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tí wọ́n fi ṣírò pé àwọn tí àṣìṣe ìtọ́jú ń pa ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ náà kò dín ní 44,000 lọ́dún, ó sì lè tó 98,000. Ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ni, oníṣègùn rẹ̀ pọ̀, ohun èlò rẹ̀ sì pé. Wọ́n sọ gbangba pé kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ búburú ni ó fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìṣe náà, bí kò ṣe ètò tí kò dára. Ìdánrawò sì wà lára àwọn àtúnṣe tí wọ́n dábàá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti kọ ìtàn tiwa, nítorí ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú kíkọ rẹ̀. Ọmọláńgidi tí ó dára jù lọ, ọmọláńgidi lásán ni títí a ó fi fún un ní ìtàn.

Èkíní, a bi ara wa léèrè ohun tí a fẹ́ mọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ jókòó, olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá. Ẹnìkan fẹ́ kí aboyún náà ní gìrì. Ẹlòmíràn fẹ́ kí ọmọ má mí. Ẹ̀kẹta ní kí iná lọ, kí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ìyá náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó fagi lé púpọ̀ nínú wọn. Ó ní ìtàn tí ó fẹ́ kọ́ni ní ohun gbogbo kò ní í kọ́ni ní nǹkan kan. Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ó ń pa àwọn ìyá jù lọ ní gbogbo ayé; ìyẹn ni kí a mú. Ohun méjì péré ni a fẹ́ mọ̀: báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí a tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀ jù, àti báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí oògùn àti ẹ̀jẹ̀ tó dé ìdí ibùsùn.

Èkejì, a mú ìtàn náà láti inú ohun tí ojú wa ń rí. Níhìn-ín ni wọ́n ti jẹ́ kí àwa sọ̀rọ̀. A ní obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kì í dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nígbà tí dókítà wà ní ìjókòó. Aago méjì òru ni kí a fi í sí. Kì í dé nínú ọkọ̀ aláìsàn. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni yóò ti sọ̀kalẹ̀, láàrin awakọ̀ àti ọkọ rẹ̀ tí ó dì í mú. Ó ti bímọ sí ilé kí wọ́n tó gbé e wá. Ọkọ rẹ̀ kò ní í sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà. Yóò sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni,” nítorí ìtìjú, àti nítorí pé bí ènìyàn bá pe ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ní orúkọ, àyà rẹ̀ a túbọ̀ já. Owó ọwọ́ wọn kò tó. Ìyá ọkọ ni yóò sì máa dáhùn gbogbo ìbéèrè tí a bá bi aláìsàn. Bí a ti ń sọ ọ́ ni nọ́ọ̀sì kékeré kan ń mi orí. Ó ní, “Òótọ́ ni, Bàbá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń dé.”

Ẹ̀kẹta, a fún un ní orúkọ, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni èyí dá sílẹ̀. Kò sí ilé tí yóò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà Ìyá Àlejò ni a pè é, kí ó má bàa bá ẹnikẹ́ni jẹ́ orúkọ. Síbẹ̀ àgbà ìjọ kan wá sí ilé wa ní alẹ́. Ó ní, “Bàbá Ìjọ, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi ikú ṣeré. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa ní ọ̀nà ni yóò máa fi ẹnu ara yín pe ibi?” A kò fi í ṣẹ̀sín, nítorí ìfẹ́ ni ó mú un sọ̀rọ̀. A fi ìwé ìtàn náà hàn án, a sì fi ìlà kan hàn án tí ìyá nọ́ọ̀sì ti kọ sí òkè rẹ̀: Ìyá Àlejò kò gbọdọ̀ kú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá pẹ́, ara rẹ̀ yóò máa burú sí i, kí wọ́n lè rí i kí wọ́n sì yára. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀mí tó bọ́, a ó dá ìdánrawò dúró. Kì í ṣe ikú ni a ń pè, ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé ni a ń wá. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, “Ta ni yóò ṣe bàbá ọkọ?” A ní a kò tí ì rí ẹnìkan. Ó ní, “Èmi ni yóò ṣe é.”

Ẹ̀kẹrin, a la ojú ìwé kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà kìíní a kọ ìṣẹ́jú. Ní èkejì, ohun tí ara aláìsàn yóò máa fihàn ní ìṣẹ́jú náà, bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù àti bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rí. Ní ẹ̀kẹta, ohun tí yóò yí padà bí òṣìṣẹ́ bá ṣe èyí tàbí tí kò bá ṣe é. Bí wọ́n bá tètè fi ọwọ́ ra ilé ọmọ láti òkè ikùn kí ó lè sún kì, tí wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin, ẹ̀jẹ̀ yóò dín kù. Bí wọ́n bá pẹ́, ọkàn yóò máa sáré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì máa dàrú. Gbogbo èyí ni a ti kọ ṣáájú, kí ó má jẹ́ pé bí inú ẹni tí ń darí ti rí ní alẹ́ náà ni aláìsàn yóò ṣe máa sàn tàbí kí ó máa burú.

Ẹ̀karùn-ún, a dáàbò bo àwọn aláìsàn tòótọ́. Gbogbo ìgò oògùn àfiṣe ni a lẹ ìwé pupa mọ́, a sì kà wọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí a parí, kí ọ̀kan má bàa ṣèèṣì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. A yan nọ́ọ̀sì méjì tí kò ní í bá wa ṣe é, kí wọ́n lè máa ṣọ́ àwọn tí ó wà lórí ibùsùn. A sì fi ohùn kan ṣọ̀kan pé bí aláìsàn gidi bá dé, ẹnikẹ́ni ni ó lè kígbe pé, “Ó tó!” tí gbogbo rẹ̀ yóò sì dúró.

Alẹ́ ìdánrawò dé. Obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni ó ṣe Ìyá Àlejò, ọmọkùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin ni ó ṣe ọkọ rẹ̀, àgbà ìjọ wa sì tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Omi zobo ni a fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Mìlílítà 700 ni a wọ̀n, a sì dà á sí orí àwọn aṣọ àti sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti máa tẹ̀lé wọn pẹ̀lú aago àti ìwé, kí a máa kọ ohun tí a rí láìsọ̀rọ̀.

Ohun tí a kọ nìyí. Ní ẹnu géètì, olùṣọ́ ní kí ọ̀kadà má wọlé, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, nítorí náà wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé obìnrin náà la àgbàlá kọjá. Ní ìdí tábìlì káàdì, òfin ní kí a san owó káàdì kí a tó gba ènìyàn sílé. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń san owó wà ní apá kejì àgbàlá, ẹni tí ó ń gba owó sì ń sùn. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ìbímọ, nọ́ọ̀sì kan wo aṣọ náà, ó ní ẹ̀jẹ̀ náà lè tó mìlílítà 200. Èkejì ní ó lè tó 300. Kò sí ẹni tí ó sún mọ́ 700. Wọ́n rántí abẹ́rẹ́ náà dáadáa. Ó wà nínú fíríìjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, nítorí pé oxytocin ń fẹ́ òtútù. Àgádágodo wà lára fíríìjì náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò ẹni tí ó ti lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n béèrè fún ẹ̀jẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jí ní kíá, ó sì béèrè fún fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú ọ́fíìsì tí a ti tì láti ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Olùṣọ́ pa òfin mọ́. Ẹni tí ó ti fíríìjì ṣe bẹ́ẹ̀ kí a má bàa jí oògùn. Ẹni tí ó béèrè fún fọ́ọ̀mù ṣe bẹ́ẹ̀ kí a má bàa fún ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ tí kò bá tirẹ̀ mu. Olúkúlùkù òfin ni ó ní ìdí rere tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a so gbogbo wọn pọ̀ ní òru ọjọ́ kan, wọ́n di okùn ní ọrùn obìnrin kan. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó rí i tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ti rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aláìsàn nìkan ní í rìn ín, aláìsàn kì í sì í ní agbára láti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìdánrawò ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. A jókòó yíká, àkókò tí a fi sọ̀rọ̀ sì gùn ju àkókò ìdánrawò lọ ní ìlọ́po méjì. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òfin ìyá nọ́ọ̀sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè pé ta ni ó ṣe é. Kí a máa béèrè pé kí ni ó fà á. Ó ní kí a fi í sí ọkàn pé gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ló gbọ́n, ló mọṣẹ́, tí ó sì fẹ́ ṣe rere. Ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àlejò fúnra rẹ̀ ohun tí ó rí. Obìnrin náà ní, “Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí mi, kò sí ẹni tí ó bá mi sọ̀rọ̀.”

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kékeré tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan sọ̀rọ̀. Ó ti dúró níwájú fíríìjì náà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lórí àgádágodo. Ó ní òun mọ̀ pé ó yẹ kí òun já a, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìwé ìbáwí bà òun. Ó dákẹ́. Ó tún wá sọ pẹ̀lú ohùn kékeré pé kì í ṣe alẹ́ yìí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun dúró níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé parọ́rọ́. Àwa tí ìwé méjì wà ní ìkáwọ́ wa mọ orúkọ tí ó ń rántí. Kò sí ẹni tí ó bá a wí. Ìyá nọ́ọ̀sì dìde, ó jókòó tì í, ó sì ní, “Ọmọ mi, kò tún ní í ṣẹlẹ̀ sí ọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá ibi tí a ó so kọ́kọ́rọ́ yìí kọ́.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kọ́kọ́rọ́ kejì ti wà nínú àpótí kékeré lára ògiri yàrá ìbímọ, níbi tí gbogbo nọ́ọ̀sì lè dé, pẹ̀lú ìwé tí ẹni tí ó bá mú un yóò fi ọwọ́ sí. A kó fọ́ọ̀mù ẹ̀jẹ̀ sí yàrá ìbímọ. A yí òfin géètì padà fún aboyún àti ìyá ọmọ tuntun. Ní ti tábìlì tiwa, a gba àṣẹ pé kí akọ̀wé máa dìde lọ kọ káàdì irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ìdí ibùsùn, kí ọ̀rọ̀ owó dúró di ẹ̀yìn ìtọ́jú. Kò sí èyí tí ó ná wa ní owó púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí a sì tún ìdánrawò náà ṣe lẹ́yìn oṣù kan, a rí i pé olùṣọ́ tuntun ni ó wà ní géètì, kò sì sí ẹni tí ó sọ òfin tuntun fún un. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a sì fi í sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ìtàn ilé ìwòsàn kan ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a wo ibòmíràn. Ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2000, ilé ìwòsàn kan mú kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìgbẹ̀bí, dókítà àti agbẹ̀bí lápapọ̀, máa ṣe ìdánrawò lọ́dọọdún. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú ọmọ 10,000 tí a bí, 27 ni àìtó afẹ́fẹ́ ń pa ọpọlọ wọn lára. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, iye náà dín sí bí 14. Ní Tanzania, ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ níbi tí a ti fi ọmọláńgidi kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí a ṣe ń mú ọmọ tuntun mí láàrin ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìròhìn ọdún 2013 sọ pé ikú ọmọ láàrin wákàtí 24 dín kù ní ìdá 47 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ní ilé ìwòsàn kan ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo mú kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe dáadáa lórí ọmọláńgidi, síbẹ̀ ìṣe wọn lórí ọmọ tòótọ́ kò yí padà. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ léraléra ní ibi iṣẹ́ wọn ni ikú àwọn ọmọ tó dín kù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tí ojú àwọn nọ́ọ̀sì wa kò lè wọ̀n, àwọn mìíràn ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 2023, a gbọ́ ìròhìn iṣẹ́ ńlá kan tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, ní Nàìjíríà tiwa, ní South Africa àti ní Tanzania, lára àwọn obìnrin tí ó ju 200,000 lọ. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí a fàmì sí sí abẹ́ ìyá tí ó bímọ, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn sínú rẹ̀ kí a sì rí iye rẹ̀; wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìdánrawò, láti fún un ní gbogbo ìtọ́jú tí ó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí wọ́n máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọn kò ti lo ètò yìí, nínú ìyá 100 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà jù, bí 51 ni a tètè mọ̀. Níbi tí wọ́n ti lò ó, 93 ni. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tí ó le gidigidi, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀, àti ikú nípa rẹ̀, lápapọ̀, dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Kì í ṣe ìdánrawò nìkan ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rá kò lè ṣe é láìsí ọwọ́ tí a ti kọ́.

A kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí ga ju bí ó ti rí lọ. Ìdánrawò kò lè sọ omi zobo di ẹ̀jẹ̀. Kò lè tan iná tí kò sí, kò sì lè dá nọ́ọ̀sì tí ó ti rìn lọ sí òkè òkun padà wá. Bí ilé ìwòsàn kò bá ní oògùn, ohun tí ìdánrawò yóò fihàn ni pé kò ní oògùn. Ẹni tí ó ní agbára ni yóò wá rà á. Ewu kan sì tún wà: bí àwọn ọ̀gá bá fi í ṣe pàkúté láti mú òṣìṣẹ́, kí wọ́n fi dín owó oṣù rẹ̀ tàbí kí wọ́n lé e lọ, olúkúlùkù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àìlera rẹ̀ pamọ́, ibi tí ó fara pamọ́ ni yóò sì ti máa pa ènìyàn. Bí nọ́ọ̀sì kékeré wa bá ti rò pé a ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú un ni, ì bá ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kọ́kọ́rọ́ náà ì bá sì wà nínú àpò ẹni tí ń sùn títí di òní.

Ẹ̀yin onílé, kí ni èyí kàn yín? Ó kàn yín ní ọ̀nà méjì. Èkíní, bí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín bá wá béèrè ẹni tí yóò ṣe ìyá, tàbí ọkọ, tàbí ẹbí, ẹ má ṣe kọ̀. Ohun tí ẹ̀yin mọ̀ nípa bí a ti ń dé ẹnu géètì, àwọn oníṣègùn kò mọ̀ ọ́n. Èkejì, ẹ ṣe tiyín nínú ilé. Bí oyún bá ti pé oṣù méje, kí bàbá pe ilé jọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ó béèrè pé: Bí ó bá di aago méjì òru, ta ni yóò gbé wa? Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ dà? Owó dà, ibo ni ó wà, ta ni ó mọ ibẹ̀ yàtọ̀ sí èmi? Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ti ìyàwó mi, àwọn méjì wo ni yóò sì tẹ̀lé wa láti fún un ní ẹ̀jẹ̀? Ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ? Lẹ́yìn náà, kí ẹ dìde ní tòótọ́, kí ẹ rin ọ̀nà náà ní òru lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó rí afárá tí ó ti fọ́, ẹ ó rí géètì àdúgbò tí a ń tì ní aago mọ́kànlá, ẹ ó sì mọ ilé ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò lè rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí yín lójú ọ̀nà ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, tí ìyàwó yín sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàrin yín, tí kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀yin náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ẹ padà sí ilé lọ sùn. Àwa tí ń pa ìwé méjèèjì mọ́ ń fẹ́ kí orúkọ ìyàwó yín wà nínú ọ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ ọmọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì padà lọ sí ilé.